Bí Gbogbo Ìlà Ìsọ̀ Wa Ṣe Di Ìyá Mi

Tí ẹnikẹ́ni bá bi ìyá mi léèrè iṣẹ́ tí mò ń ṣe, yóò dáhùn pé, "Fóònù ló ń tẹ̀." Mo ti bá a fà á títí ó fi sú mi. Mo ní, "Màámi, kọ̀ǹpútà ni mò ń lò. Èmi ni mò ń kọ ohun tí àwọn èèyàn ń tẹ̀ lórí fóònù wọn." Yóò mi orí bí ẹni tí ọ̀rọ̀ yé. Tí oníbàárà mìíràn bá tún bi í, yóò ní, "Fóònù ló ń tẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ń sanwó fún un."

Ọjà Kantamanto ni wọ́n ti tọ́ mi dàgbà, láàárín aṣọ òkìrìkà tí àwọn ará Accra ń pè ní obroni wawu. Aṣọ ọmọdé ni ìyá mi ń tà. Ìsọ̀ tó tẹ̀ lé tiẹ̀ lápá ọ̀tún, Ìyá Oníjíìnsì ló ni ín, bí gbogbo ọjà ṣe ń pè é nìyẹn, nítorí ṣòkòtò jíìnsì ló ń tà, bí ẹni pé kò sí aṣọ mìíràn láyé. Ó ju ìyá mi lọ dáadáa. Òun ló mú un wọ ọjà, òun ló sì wẹ̀ mí nígbà tí wọ́n bí mi, ó sì máa ń sọ ọ́ sétí ẹni tó fẹ́ gbọ́ àti ẹni tí kò fẹ́ gbọ́. Mo ti dàgbà, mo ti ń dá owó ara mi ná, síbẹ̀ tí mo bá mú àwọn ará ọ́fíìsì wa dé ìsọ̀ rẹ̀, ohun tí yóò kọ́kọ́ sọ fún wọn ni bí mo ṣe máa ń ta ẹsẹ̀ nínú ọpọ́n ìwẹ̀.

Àwọn ìyá méjèèjì yìí kì í jẹun àárọ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Wáàkyè ni wọ́n ń jẹ, ìrẹsì àti ẹ̀wà tí wọ́n sè pọ̀, inú abọ́ kan náà ni wọ́n sì ti ń jẹ ẹ́. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń jà lórí ẹyin tó wà lórí rẹ̀. Ìyá mi á ní kí ẹ̀gbọ́n òun jẹ ẹ́, ẹ̀gbọ́n á ní òun ti yó, ẹyin náà á sì wà níbẹ̀ títí yóò fi tutù. Lọ́pọ̀ ìgbà, èmi ni mò ń jẹ ẹ́.

Ìyá mi ló dá ọ̀rọ̀ ìkànnì sílẹ̀. Ó ní àwọn ọmọ ìwòyí ò fẹ́ wọ inú ọjà mọ́, pé orí bẹ́ẹ̀dì ni wọ́n ti fẹ́ máa yan aṣọ, àti pé obìnrin kan ní ìlà kejì ti ń tajà lórí fóònù, kò sì jẹ́ kí etí ẹnikẹ́ni sinmi. Ìlà tiwa náà kò gbọdọ̀ kẹ́yìn. Yorùbá ló pọ̀ jù nínú ìlà wa, Alata ni àwọn ará ibí ń pè wá, tí wọ́n bá sì ti fi ọ̀kan nínú wa ṣe yẹ̀yẹ́, gbogbo wa ni wọ́n fi ṣe é. Ni mo bá jókòó, mo fi èdè kọ̀ǹpútà JavaScript kọ ìkànnì kan fún wọn. Olúkúlùkù ní ojú-ìwé tirẹ̀. Yóò ya fọ́tò ọjà rẹ̀ síbẹ̀, oníbàárà yóò yan èyí tó wù ú, yóò sì wá gbé e ní ìsọ̀. Ó rẹwà. Èmi fúnra mi máa ń ṣí i lásán nínú ọkọ̀ èrò trotro kí ẹni tó jókòó tì mí lè rí i.

Páswọ́ọ̀dù ló fẹ́ bà á jẹ́. Mo ní kí olúkúlùkù mú ọ̀rọ̀ kan tí ẹlòmíràn kò lè mọ̀. Ìyá Oníbúláòsì mú tirẹ̀, ó sì kéde rẹ̀ fún gbogbo ìlà, ó ní tí òun bá gbàgbé kí wọ́n rán òun létí. Òmíràn fi ṣọ́ọ̀kì kọ tirẹ̀ sára ilẹ̀kùn. Kò pẹ́ tí àwọn kayayo, àwọn obìnrin alárù tó ń fi orí gbé bélì aṣọ káàkiri ọjà, fi mọ páswọ́ọ̀dù ìlà wa ju àwọn tó ni ín lọ. Àwọn tí kò sọ tiwọn fún ẹnikẹ́ni ni wọ́n gbàgbé rẹ̀, èmi ni wọ́n sì ń pè. Wọ́n ń pè mí nígbà tí mo bá wà ní ìpàdé, wọ́n ń pè mí nínú ilé ìwẹ̀. Lọ́jọ́ kan tí ọ̀gá mi ń bá mi wí lọ́wọ́, Ìyá Oníjíìnsì pè mí, ó ní fóònù ń sọ pé òun kọ́ ni òun.

Inú bí mi. N kì í ṣe onísùúrù, ẹni tó mọ̀ mí mọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo pinnu pé màá yọ páswọ́ọ̀dù kúrò pátápátá, màá fi OAuth rọ́pò rẹ̀.

Fún ẹni tí kò bá mọ OAuth, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀ bí mo ṣe ṣàlàyé rẹ̀ fún ìyá mi. Ní mọ́ṣáláṣí wa, tí ọkùnrin kan bá ti Nàìjíríà dé, tó ní òun fẹ́ fẹ́ ọmọ wa, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ nìkan kò tó alùfáà. Yóò ní kó lọ mú ẹnì kan wá nínú àwọn ará ìlú rẹ̀ tó wà ní Accra, ẹni tí àwa náà mọ̀. Ẹni yẹn yóò dìde, yóò ní, "Mo mọ̀ ọ́n, ọmọ ilé báyìí ni." Ó parí. Alùfáà kò bèèrè kọ́kọ́rọ́ ilé bàbá ọkùnrin náà lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì fẹ́ mọ ohun tó wà ní yàrá. OAuth náà nìyẹn. Ìkànnì mi kò ní bèèrè páswọ́ọ̀dù mọ́. Yóò rán ọ lọ sọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ ńlá tó ń bá ọ tọ́jú ímeèlì, ilé-iṣẹ́ náà yóò wò ọ́, yóò fún ọ ní àmì, wàá mú àmì náà padà wá bá mi, èmi yóò sì ṣílẹ̀kùn.

Ìyá mi ronú sí i. Ó ní, "Ṣé ilé-iṣẹ́ yẹn mọ̀ mí ni?"

Mo ní, "Wọ́n mọ̀ yín ju bí èmi ṣe mọ̀ yín lọ, Màámi."

"Ei! Ta ló sọ fún wọn?"

Ó rọrùn lẹ́nu. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́, ojú mi rí nǹkan. O gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ fún ilé-iṣẹ́ náà ibi tí wọn yóò máa dá àwọn èèyàn rẹ padà sí, àdírẹ́sì yẹn sì gbọ́dọ̀ bá èyí tó wà nínú kóòdù rẹ mu rẹ́gí. Mo sọ ọ́ fún wọn. Wọ́n kọ̀. Mo tún un sọ, wọ́n tún kọ̀. Mo ka kóòdù náà láti òkè dé ilẹ̀, mo pa á rẹ́, mo tún un kọ, mo bú u ní Yorùbá, mo bú u ní Twi, ó kù díẹ̀ kí n bú u ní Hausa, bẹ́ẹ̀ Hausa ọjà nìkan ni mo gbọ́. Àṣé ìlà dídagun kékeré kan ló wà ní ìparí èyí tí mo fún wọn tí kò sí ní ìparí èyí tí mo kọ sínú kóòdù. Lójú tèmi, ilé kan náà ni. Lójú tiwọn, ilé ẹlòmíràn ni mò ń júwe. Nígbà tí mo rí i, tí ó sì ṣiṣẹ́, mo jó yí yàrá ká. Ìyá mi yọjú lẹ́nu ọ̀nà, ó ní ṣé wọ́n ti sanwó ni.

Ní Sátidé, mo dé ọjà, mo ń yan bí ẹni tó ra ọkọ̀ tuntun. Mo pe gbogbo ìlà jọ síwájú ìsọ̀ ìyá mi. Mo ní kí wọ́n gbàgbé páswọ́ọ̀dù, bọ́tìnnì kan ṣoṣo ni wọn yóò máa tẹ̀ láti òní lọ. Ìyá mi ló kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́. Fóònù ronú díẹ̀, ó kí i káàbọ̀ pẹ̀lú orúkọ rẹ̀, ó sì gbé fọ́tò rẹ̀ jáde, èyí tó yà lọ́jọ́ Ọdún Iléyá pẹ̀lú ìborùn funfun. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Orí mi wú.

Ìyá Oníjíìnsì tẹ tirẹ̀ lórí fóònù tirẹ̀. Fóònù ronú díẹ̀, ó sì gbé ìyá mi jáde pẹ̀lú ìborùn funfun.

Mo ní kó tún un tẹ̀. Ìyá mi tún yọ. Mo ní kí Ìyá Oníbúláòsì gbìyànjú, ìyá mi ló yọ. Ìyá Onísálúbàtà tẹ tirẹ̀, ìyá mi náà ni. Gbogbo ìlà tẹ̀ ẹ́ tán, gbogbo wọn di ìyá mi. Ẹ̀rín bẹ́. Ìyá Onísálúbàtà ní kí n tètè wá fọ abọ́ òun, ṣebí òun ló bí mi. Ìyá Oníbúláòsì ní níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ òun ni ìyá mi, òun ò fọwọ́ sí àfẹ́sọ́nà mi. Èmi ò lè rẹ́rìn-ín. Mo jókòó lórí bélì kan, mo ṣí kọ̀ǹpútà mi, ojú ń tì mí, òógùn ń bò mí. Mo rò pé ètò mi ló gba àmì ìyá mi tán tó wá ń há a fún gbogbo ayé. Mo wá a títí, n kò rí ibi tó ti ṣe bẹ́ẹ̀.

Ìgbà tó sú mi ni mo gba fóònù Ìyá Oníjíìnsì, mo wo inú rẹ̀ láti mọ ímeèlì tó ń lò. Ímeèlì ìyá mi ni. Mo gba ti Ìyá Oníbúláòsì. Ímeèlì ìyá mi ni. OAuth mi kò ṣe àṣìṣe kankan. Ilé-iṣẹ́ náà wo ímeèlì, ó rí ti ìyá mi, ó sì jẹ́rìí pé ìyá mi ni.

Mo ní, "Ta ló fi ímeèlì Màámi sínú fóònù gbogbo yín?"

Ìyá mi ní, "Èmi ni." Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń retí ọpẹ́.

"Kí ló fà á?"

"Tí wọ́n bá ra fóònù tuntun, ó máa ń bèèrè ímeèlì. Wọn ò ní. Èmi ní. Kí n wá máa wò wọ́n níran? Ṣé ó ń tán ni?"

Ìyá Oníjíìnsì gbè é lẹ́sẹ̀, ó ní kẹ́tù àlùwàlá wà lẹ́nu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí tí gbogbo èèyàn ń lò, ta ló ń gbé tiẹ̀ wá láti ilé? Ìgbà yẹn ni mo mọ ìdí tí fọ́tò ọmọ-ọmọ Ìyá Oníjíìnsì fi máa ń wà nínú fóònù ìyá mi, tí fọ́tò ìkòkò ọbẹ̀ wa sì máa ń wà nínú fóònù tirẹ̀. Mo ti rò pé wọ́n ń fi wọ́n ránṣẹ́ síra wọn ni. Àṣé wọ́n kàn ń gbé pọ̀ nínú ímeèlì kan ni, bí àwọn tó jọ ń gbé nínú àgbàlá kan.

Ó yẹ kí n ti ìkànnì náà pa lọ́jọ́ yẹn. Ṣùgbọ́n wọ́n ti ń ya fọ́tò ọjà wọn síbẹ̀ kí n tó dìde lórí bélì, inú wọn sì dùn pé bọ́tìnnì náà ń ṣílẹ̀kùn. Mo ní màá tún un ṣe tí mo bá rí àyè. N kò rántí pé èmi kan náà ti fi lẹ́tà pupa kọ ìkìlọ̀ sí orí gbogbo ojú-ìwé, nítorí àwọn oníjìbìtì: Má ra ọjà lọ́wọ́ ẹni tí kì í ṣe ẹni tó wà nínú fọ́tò yìí. Mo fẹ́ràn ìkìlọ̀ yẹn gan-an. Mo tiẹ̀ jẹ́ kó máa ṣẹ́jú.

Báyìí ni ọmọbìnrin kan ṣe dé pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́, ó ń wá jíìnsì kan tó ti yàn láti ilé. Ìyá Oníjíìnsì fa jíìnsì náà yọ kíá, ó ní, "Òun nìyí, òun lo rí."

Ọmọbìnrin náà wo fóònù, ó wo ojú rẹ̀. "Daabi," ó ní, tó túmọ̀ sí pé bẹ́ẹ̀ kọ́. "Ẹ jọ̀ọ́, Madam, ẹ̀yin kọ́ lẹ wà nínú fọ́tò."

"Èmi ni mo ni jíìnsì yìí."

"Wọ́n kọ ọ́ síbí pé kí n ṣọ́ra fún irú yín."

Irú yín! Ìyá mi sáré jáde láti ṣèrànwọ́. Ọmọbìnrin náà rí i, ojú rẹ̀ sì tàn, nítorí ìyá inú fọ́tò nìyẹn. Ìyá mi gba jíìnsì lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó tà á, ó sì kó owó náà lé e lọ́wọ́ níbẹ̀ níbẹ̀. Ó rò pé òun ṣe dáadáa. Oníbàárà mìíràn dé, ọ̀rọ̀ kan náà ni. Òmíràn tún dé, òun kò tilẹ̀ bojú wo Ìyá Oníjíìnsì, ó kọjá lára rẹ̀ bí ẹni kọjá lára òpó, ó lọ bèèrè jíìnsì lọ́wọ́ ẹni tó ń ta aṣọ ọmọdé.

Ìyá Oníjíìnsì ní, "Ó dára paa. Mo ti di ọmọ ọ̀dọ̀ rẹ nínú ìsọ̀ mi."

Ìyá mi, tó jẹ́ pé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo ti jogún àìnísùúrù, ní, "Ṣé kí n máa lé oníbàárà yín lọ ni?"

"Ìwọ àti ọmọ rẹ lẹ mọ ohun tẹ́ ẹ dì. Ẹ ti gbé gbogbo ìlà mì."

"Ẹ̀gbọ́n mi, èmi lẹ ń sọ bẹ́ẹ̀ sí?"

"Ta ni mo tún ń bá sọ̀rọ̀? Ṣé kì í ṣe ìwọ ni gbogbo wa?"

Lọ́jọ́ kejì, ìyá tó ń ta wáàkyè pè mí lórí fóònù. Ó ní ṣé ẹnì kan kú ni, nítorí abọ́ méjì ni wọ́n rà láàárọ̀ yìí, ẹyin wà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, olúkúlùkù sì jẹ tirẹ̀ láìbá ẹnikẹ́ni jà. Nígbà tí mo dé ọjà, mo rí i pé wọ́n ti ta ọ̀rá dúdú kan sáàárín ìsọ̀ méjèèjì bí ògiri. Nílé, ìyá mi ń se oúnjẹ, kì í jẹ ẹ́. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, á bi mí bí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà kò kàn pé, "Ṣé ó pè ẹ́?" Mo ní, "Ta ni?" Á ní, "Kò burú, fi sílẹ̀."

Ẹ̀rù bà mí gan-an. N kò ní ìyá-ìyá ní Accra, n kò ní àbúrò ìyá. Obìnrin méjì yìí ni gbogbo ẹbí tí mo mọ̀ níbí. Tí wọ́n bá tú ká, ilé mi ló pín sí méjì, iṣẹ́ ọwọ́ mi ló sì pín in. Mo tọrọ àyè níbi iṣẹ́, mo yọ ìkìlọ̀ pupa náà kúrò, mo sì lọ sí ọjà láti lọ fún olúkúlùkù ní ímeèlì tirẹ̀. Ìsọ̀ Ìyá Oníjíìnsì ni mo kọ́kọ́ yà sí.

Kò fún mi ní àga. Ó ní, "Ìwọ tí mo fi ọwọ́ mi méjèèjì wẹ̀." Mo bẹ̀ ẹ́ títí ó fi na fóònù sí mi. Mo ṣí i, mo dé ibi tí wọ́n ti ń yọ ímeèlì kúrò, fóònù sì bèèrè ìbéèrè tó máa ń bèèrè.

"Kí ló ń sọ?"

"Ó ní ṣé ó dá yín lójú pé kí ímeèlì Màámi kúrò nínú fóònù yín."

Ó wo ọ̀rá dúdú náà. Ó gbé ohùn sókè kí ó lè dé òdì kejì. "Tí wọ́n bá ní kí n jáde, màá jáde." Lẹ́yìn ọ̀rá, mo gbọ́ ìró sísọ́ọ̀sì ìyá mi tó ń gé òwú. Ìyá Oníjíìnsì tẹ̀ ẹ́. Ó ṣí ibi tí fọ́tò máa ń wà. Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo. Fọ́tò Iléyá ti lọ, fọ́tò ìkòkò ọbẹ̀ wa ti lọ, fọ́tò ọjọ́ tí mo gba ìwé ẹ̀rí yunifásítì, tí òun àti ìyá mi jọ dì mọ́ mi, ti lọ pẹ̀lú. Ó ń fi ìka fà á lọ sókè, ó ń fà á wá sílẹ̀. Àánú rẹ̀ ṣe mí débi pé mo bẹ̀rẹ̀ sí í sáré sọ̀rọ̀.

Mo ní ká ṣí tuntun. A kọ orúkọ rẹ̀, ìyẹn rọrùn. Bí a ṣe fẹ́ lọ síbi tó kàn ni ọ̀gá mi pè mí. Ariwo ọjà pọ̀, mo bọ́ síta láti dá a lóhùn. Mo ní, "Màmá, wọn á bi yín ní ọjọ́ ìbí. Ẹ fi èyí tẹ́ ẹ bá mọ̀ síbẹ̀, mò ń bọ̀." Ó máa ń sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ pé òun kò mọ ọjọ́ ìbí òun. Ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ló wà lórí káàdì ìdánimọ̀ rẹ̀, ó sì ní irọ́ ni, ọkùnrin tó ń kọ káàdì ló fi ta òun lọ́rẹ.

Nígbà tí mo padà dé, ó ti parí gbogbo rẹ̀. Ó na fóònù sí mi, ìgbéraga díẹ̀ wà lójú rẹ̀. Mo ka ohun tí wọ́n kọ. Mo tún un kà.

"Màmá, ọjọ́ ìbí ta lẹ fi síbẹ̀?"

"Ti ọmọ-ọmọ mi, èyí tí wọ́n bí nínú Ramadan tó kọjá. O ní kí n fi èyí tí mo bá mọ̀ síbẹ̀. Èyí tí mo mọ̀ nìyẹn, èmi ni mo dúró ní ọsibítù Kaneshie títí tó fi ké."

"Wọ́n ní ọmọ ọwọ́ ni yín."

"Ta ni?"

"Ẹ̀yin. Wọ́n ní ọmọ ọwọ́ kò lè dá ní ímeèlì, àfi tí òbí rẹ̀ bá gbà fún un. Wọ́n ti kọ̀wé sí òbí yín."

Ó gbìyànjú láti má rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì gba imú rẹ̀ jáde. "Òbí mi ti pẹ́ lọ́run. Ẹ̀yin ọmọ fóònù yìí, ibo lẹ kọ̀wé sí?"

Mo wo àyè tí wọ́n ti bèèrè ímeèlì òbí. Kò mọ̀ pé òbí ni wọ́n ń bèèrè. Ó rí i pé wọ́n ń bèèrè ímeèlì, ó sì kọ ìkan ṣoṣo tó mọ̀ láyé. Kí n tó lè dáhùn, fóònù kan dún lẹ́yìn ọ̀rá dúdú.

Sísọ́ọ̀sì náà dákẹ́. Ìyá mi lè ka èdè Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀díẹ̀, mo sì gbọ́ tó ń kà á fún ara rẹ̀, ó dúró, ó tún bẹ̀rẹ̀. Ó wá pè mí. "Wá ka nǹkan yìí fún mi."

Mo gba ẹ̀gbẹ́ ọ̀rá kọjá. Ó jókòó sáàárín àwọn aṣọ ọmọdé rẹ̀, ó na fóònù náà jìnnà sójú. Mo kà á fún un ní Yorùbá. Wọ́n pe Ìyá Oníjíìnsì ní orúkọ àbísọ rẹ̀, orúkọ tí ẹnikẹ́ni kì í pè é ní ọjà, wọ́n ní ọmọ yìí fẹ́ ṣí ímeèlì, ṣé ẹ̀yin lẹ ni ín?

"Ka èyí tó kù."

"Wọ́n ní tí ẹ bá gbà, ẹ ó máa mójú tó o. Ẹ ó máa mọ ibi tó wà nígbà gbogbo, títí yóò fi dàgbà."

"Kí ni wọ́n ní kí n yàn?"

"Òbí tàbí alágbàtọ́."

"Wọn ò kọ àbúrò síbẹ̀?"

"Wọn ò kọ ọ́, Màámi."

"Àwọn tó ni kiní yìí ò mọ nǹkan kan rárá, koraa." Ohùn rẹ̀ ti ń gbọ̀n. "Báwo ni mo ṣe fẹ́ jẹ́ ìyá ẹni tó jẹ́ pé nígbà tí mo dé ọjà yìí, tí n kò gbọ́ Twi, tí n kò gbọ́ Ga, tí mò ń sunkún nídìí bélì..." Kò lè parí rẹ̀.

Ọ̀rá dúdú náà ṣí. Ìyá Oníjíìnsì jáde síwájú ìsọ̀ ìyá mi, sáàárín ọ̀nà tí gbogbo ọjà ń gbà kọjá. Kò kí ẹnikẹ́ni. Ó di igi ìsọ̀ mú, ó sì rọra kúnlẹ̀, àgbà obìnrin bẹ́ẹ̀, ó ní, "Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà fún mi."

Ìyá mi kígbe. "Ha! Ẹ̀gbọ́n mi! Ṣé ẹ fẹ́ pa mí ni?" Ó fò dìde láàárín aṣọ, ó sáré jáde, ó sì wó lulẹ̀ lórí orúnkún méjèèjì níwájú rẹ̀.

"Dìde," Ìyá Oníjíìnsì ní.

"Ẹ̀yin ẹ kọ́kọ́ dìde."

"Ìwọ ni ìyá mi. Wọ́n kọ ọ́ sínú fóònù. Mi ò lè dìde ṣáájú ìyá mi."

"Ẹ̀yin lẹ jù mí lọ. Mi ò lè dìde ṣáájú yín láéláé."

Kayayo kan dé pẹ̀lú bélì lórí, kò rí ibi gbà. "Agoo!" ó ní. "Agoo!" Òmíràn dúró lẹ́yìn rẹ̀, òmíràn tún dúró lẹ́yìn ìyẹn. Àwọn ìyá méjèèjì kò mira. Ìyá mi na fóònù ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn sí mi láìwo ẹ̀yìn, ó ní, "Èwo ni bẹ́ẹ̀ ni níbẹ̀?" Mo fi hàn án. Ó tẹ̀ ẹ́. Omi ń jáde lójú rẹ̀, ó sì ń rẹ́rìn-ín, n kò mọ èyí tó ṣáájú.

"Àbúrò mi," Ìyá Oníjíìnsì sọ ọ́ jẹ́jẹ́, "kí n má parọ́ fún ẹ, orúnkún mi ò tiẹ̀ lè dìde mọ́."

"Tèmi náà ò lè dìde."

Ìyá Oníbúláòsì di apá ọ̀kan mú, èmi di apá èkejì mú. Ó ní ká jọ ka ení, èjì, ẹ̀ta, kí ẹnikẹ́ni má baà ṣáájú. A kà á, a sì gbé àwọn méjèèjì dìde lẹ́ẹ̀kan náà.